Ọmọ Ẹfọ̀n àti Àwọn Ọmọ Yábàá

Bí ọmọ bá gbàwé ẹ̀rí jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSU) tàbí ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀ l'Adó-Èkìtì, ì báà jẹ́ kẹ́mísírì ló kà, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí ẹbí máa bi í kò ju mẹ́ta lọ: iṣẹ́ ìjọba ńkọ́, ìgbà wo lò ń lọ sí Èkó, àbí o fẹ́ jápa? Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í pé ṣé kò lè fi ìmọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ fún ará ìlú nínú NGO, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba. Lójú tiwa níbí, NGO ni àwọn tó ń wá pín ìrẹsì àti àwọ̀n ẹ̀fọn, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Iṣẹ́ tí mò ń wí yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀nà tó dé ìdí rẹ̀ kò sì jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká gbé méjì sórí ìwọ̀n.

Àkọ́kọ́ ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì, ọmọ Ẹfọ̀n-Alààyè, ní Àáríngbùngbùn Èkìtì wa yìí. Kẹ́mísírì ló kọ́kọ́ kà kó tó kọjú sí ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣèwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde àti àwọn àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí à ń jogún. Ní 2001, ó gba àmì ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO tó wà fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì. Nígbà tó yá, ó dá Sickle Cell Hope Alive Foundation sílẹ̀ n'Ìbàdàn, kí ohun tó mọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn náà ń bá jà.

Èkejì ni BudgIT. Olúṣeun Onígbìndé kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta, ó sì ṣiṣẹ́ báńkì. Ní 2011, òun àti Joseph Agúnbíadé dá BudgIT sílẹ̀ ní Co-Creation Hub ní Yábàá, l'Ékòó. Wọ́n ń kó ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì tó nípọn, wọ́n ń sọ ọ́ di àwòrán tí ojú lásán lè kà. Ní 2014, wọ́n fi Tracka kún un: àwọn èèyàn tó ń lọ sí ìgbèríko láti wò ó bóyá iṣẹ́ tí bọ́jẹ́ẹ̀tì dárúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rọ̀ owó lè dà bí ohun tó jìnnà síra, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni: kí ará ìlú mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ gan-an. Ẹ wo ti jẹ́nótáìpù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ AS ní Nàìjíríà, ìyẹn ẹni tó gbé àbùdá fòníkú-fọ̀ladìde láìní àrùn náà. Dókítà á ní bí AS bá fẹ́ AS, ewu pé ọmọ máa jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àrùn náà ń bá jà, jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ọ sí pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀kan nínú mẹ́rin tirẹ̀; kò ka èyí tó ṣáájú sí. Tọkọtaya lè bí mẹ́ta kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ SS, wọ́n sì lè bí márùn-ún kí ẹyọ kan má sí nínú wọn. Ẹni tó máa là á yé àwọn àfẹ́sọ́nà gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀kọ́ ìjogún dunjú, kó sì lè fi ẹnu Èkìtì sọ ọ́ fún ìyá àgbà.

Bákan náà ni bọ́jẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kéde lórí rédíò pé wọ́n ti ya owó sọ́tọ̀ fún kànga ẹ̀rọ, ìlú ń dunnú. Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ ni èyí tí wọ́n tú sílẹ̀; èyí tó dé ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe pàápàá kì í ṣe omi.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni àkókò, owó àti ìjà. Ọ̀nà Fálúsì kò ṣeé sá gbà: yàrá àyẹ̀wò, oyè dókítà, ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó oṣù yunifásítì ti mú dúró kò ní dúró de olówó òkèèrè kó tó jẹun. BudgIT gba owó Omidyar Network àti àjọ Bill Gates, 3 mílíọ̀nù dọ́là ní 2017, òun ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbòòrò. Owó bẹ́ẹ̀ lè dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan. Nígbà tí Amẹ́ríkà so owó ìrànwọ́ rẹ̀ rọ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ NGO ló délé.

Ti ìjà wá ńkọ́? Kò sí gómìnà tó ń bá onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ jà. Ẹni tó bá ń ka owó ìjọba, ìjọba ń wò ó bí alátakò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n fi Onígbìndé ṣe olùdámọ̀ràn nílé iṣẹ́ ètò ìṣúná l'Abùjá. Ariwo ta, wọ́n hú gbogbo ohun tó ti fi bu ìjọba jáde, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan fún ọmọ Adó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ (NYSC) tán, ti Yábàá ni n ó mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọmọ Ẹfọ̀n ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí níbí. Ní 2011 kan náà tí wọ́n dá BudgIT sílẹ̀, Káyọ̀dé Fáyẹmí, gómìnà Èkìtì nígbà náà, tí òun alára ti darí NGO rí, bu ọwọ́ lu òfin FOI ti Èkìtì, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ní EKSU, ní Pólì àti ní yunifásítì Ọ̀yẹ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà FOI kan sí ìjọba ìbílẹ̀ Adó, Ìjerò tàbí Ẹfọ̀n, kí wọ́n sì lọ fojú ara wọn wo ohun tí èsì náà ní ó wà nílẹ̀.