Kí ẹ tó ra táyà fún jíìpù yín: ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀

Tí òjò bá ti ba ọ̀nà oko jẹ́, jíìpù ńlá ló sábà máa ń kù tó lè gbé ọjà jáde. Láti Àjàṣẹ́ gba Pobẹ lọ sí Kétu, títí dé àgbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, Toyota Prado àti Land Cruiser wà lára àwọn tí oníṣòwò fẹ́ràn, nítorí wọ́n ga, wọ́n sì lágbára. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀ tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ rà á a máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún, a máa wo ọ̀dà ara rẹ̀, a sì máa dán ẹ̀rọ amúlétutù wò. Táyà ló sábà máa ń gbẹ̀yìn nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló kan ilẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ náà.

Jíìpù ńlá tó kún fún èrò àti ẹrù lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 3. Táyà 4 ló ń pín ìwúwo yìí gbé, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fi kan ọ̀nà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Bí táyà kò bá bá ọkọ̀ mu, ó lè bẹ́ lórí eré, ó lè máa ha ara ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ń yí, bíréèkì sì lè pẹ́ kó tó mú. Ẹ̀mí èrò àti owó ọjà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yan táyà àti ríìmù tó bá jíìpù rẹ̀ mu. Ríìmù ni irin róbótó tí táyà wọ̀ mọ́, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé láàrin wa ń pè ní jante.

Ibi tí ìdáhùn wà

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó tí ilẹ̀kùn náà ń tì mọ́, ẹ óò rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n táyà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ. Bí ìwé yẹn bá ti ṣí kúrò, ó wà nínú ìwé ìlò ọkọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ má kàn wo táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kí ẹ sì gbà pé òun ló tọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín náà lè ti yọ èyí tó dára, kó wá fi èyí tó bá rí rọ́pò.

Bí a ṣe ń ka 265/65R17 112S

Ẹ jẹ́ ká fi Prado ṣe àpẹẹrẹ. 265/65R17 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀. 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù dé ibi tó fi kan ilẹ̀, ga tó ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 172. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ táyà òde òní ló sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. 17 ni ìwọ̀n ríìmù tó lè wọ̀ ọ́, ní íńṣì.

112 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà, òun ló sì kan oníṣòwò jù. Àmì ẹrù ni. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlò 1,120. 116 lè gbé kìlò 1,250. Ṣùgbọ́n 91, tí ẹ óò rí lára ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré, kò lè gbé ju kìlò 615 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 615 lọ́nà 4 jẹ́ 2,460. Jíìpù tí iṣu àti gàrí kún ẹ̀yìn rẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Àmì ẹrù lè ju ti ìwé ara ilẹ̀kùn lọ, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí i. Lẹ́tà S tó kẹ́yìn ni òpin eré tí táyà náà lè fara dà: kìlómítà 180 ní wákàtí kan.

Bó bá ga jù ńkọ́?

Táyà 265/65R17 ga tó mìlímítà 776 láti òkè dé ilẹ̀. 265/60R18 ga tó 775. Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí Prado kan fi ń wọ ti àkọ́kọ́ tí òmíràn sì ń wọ ìkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi 285/70R17 sí i kí ọkọ̀ lè ga, ó ti di mìlímítà 831. Nígbà tí aago ọkọ̀ bá ń sọ fún yín pé ẹ ń sá 100, 107 gan-an ni ẹ ń sá. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣe wàhálà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo á máa lọ, táyà náà sì lè máa ha inú mọ́gáàdì nígbà tí ẹ bá yí tàbí tí ẹ bá já sí kòtò.

Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn fẹ́ ríìmù 20 nítorí pé ó ń dán, ó sì gba ojú. 265/50R20 ga tó ti àtijọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dín kù láti mìlímítà 172 sí bíi 132. Rọ́bà yìí ló ń gba ìyà kòtò dípò irin. Ní ọ̀nà tó kún fún kòtò, ríìmù á tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á sì gé.

Ríìmù jọra, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Ẹ ka ihò tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Ti Prado jẹ́ 6, ti Land Cruiser 100 àti 200 jẹ́ 5. Òbíríkítí tí ihò Prado to sí jẹ́ mìlímítà 139.7; ti Land Cruiser wọ̀nyẹn jẹ́ 150. Ihò àárín ti Prado jẹ́ nǹkan bíi 106, ti Land Cruiser jẹ́ 110. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ríìmù Land Cruiser 200 lè wọ Prado ń fẹ́ lu ihò tuntun síbi tí kò yẹ. Ẹ má gbà fún un.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń kọ sínú ríìmù: ET àti nọ́ńbà kan. Ó ń sọ bí táyà ṣe máa wọnú abẹ́ ọkọ̀ tó. Ti Prado oníríìmù 17 jẹ́ 25 tàbí 30, ti Land Cruiser 200 jẹ́ 60. Bí nọ́ńbà náà bá kéré jù fún ọkọ̀ yín, táyà á yọ síta, bẹ́rìn á sì tètè jẹ.

Ọ̀nà wo ni ẹ ń rìn?

Táyà tí wọ́n kọ H/T sí wà fún ọ̀dà. M/T wà fún ẹrẹ̀: eyín rẹ̀ tóbi, ó sì jìn, ṣùgbọ́n ó ń pariwo lórí ọ̀dà, ó tètè ń jẹ, kì í sì í di ọ̀nà mú dáadáa tí ọ̀dà bá tutù. A/T wà láàrin méjèèjì. Ẹni tó ń gba ọ̀dà láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, tó wá ń yà sí ọ̀nà ilẹ̀ pupa lọ kó àgbàdo, A/T ló máa bá a lára mu. Ẹni tó ń wọ ilẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ bí àtè ní àgbègbè Pobẹ lójoojúmọ́ ní ìgbà òjò lè ro ti M/T.

Ọjọ́ orí táyà

Lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó jìn kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Bó bá ti ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Táyà tó ti pé ọdún 10, ẹ má rà á, bó ti wù kó dán tó. Ẹ ní kí wọ́n fi inú rẹ̀ hàn yín pẹ̀lú, nítorí inú ni àbọ̀ tí wọ́n lẹ̀ máa ń fara pa mọ́ sí.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba

Ọ̀pọ̀ Prado àti Land Cruiser ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ 4 ló ń fa ọkọ̀ nígbà gbogbo. Bí táyà iwájú bá ga ju ti ẹ̀yìn lọ, gíá tó wà láàrin kò ní sinmi, á gbóná, á sì bàjẹ́. Owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó táyà 4 lọ. Táyà ìpamọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà.

Ẹ fọn afẹ́fẹ́ ní àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, gẹ́gẹ́ bí ìwé ara ilẹ̀kùn ṣe wí. Bí ẹ bá dín in kù kí ọkọ̀ lè jáde nínú iyanrìn, ẹ fọn ọ́n padà kí ẹ tó gun ọ̀dà.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ ra táyà, ẹ fi fóònù ya ìwé ara ilẹ̀kùn náà. Ẹ fi han olùtajà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye. Tó bá ní òun kò ní irú rẹ̀ ṣùgbọ́n èyí tó fara jọ ọ́ wà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.