Ṣé O Mọ̀? Ìrora Pàápàá Ń Gbọ́ Àfiwé

Wọ ọkọ̀ ojú irin ní Àgbàdo, kó o kẹ̀yìn sí Èkó, Abẹ́òkúta ló ń gbé ọ lọ. Ṣé o mọ̀ pé Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ níbẹ̀, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń jó bí iná bí wọ́n bá ti ṣíwèé? Ohun tí wọ́n ń kà kì í wọlé, ojú á máa ṣe bàìbàì. Brain fag ló pè é.

Ọ̀dẹ orí ńkọ́? Roger Mákanjúọlá, tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1987. Nǹkan ń rìn lórí aláìsàn, ariwo ń dún létí rẹ̀, àyà rẹ̀ ń já. Bó o bá ti jókòó ti ẹni tó ń ṣe rí, o ti gbọ́ ọ: "Ó ti kúrò ní àtàrí, ìpàkọ́ ló wà báyìí." Àyẹ̀wò ò ní rí kòkòrò kankan. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Síbẹ̀, dókítà tó bá ní "kò sóhun tó ń ṣe ọ́" ti lé aláìsàn dànù nìyẹn. Ẹni tó bá béèrè ibi tí nǹkan náà ń gbà, àti ohun tó máa ń lé e sá, ló ti rí ibi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ara ń gbọ́ àfiwé. Pierre Fátúmbí Verger, ará Faransé tó di babaláwo, gbé ìwé Ewé jáde ní 1995. Nínú ọfọ̀ tó kó jọ síbẹ̀, orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí wọ́n rán an sábà máa ń dún bákan náà. Gbé òdúndún sọ́wọ́ wò: ó nípọn, ó lómi, ó tutù minimini. Kí wọ́n tó pe ọ̀rọ̀ kankan sí i, ọwọ́ rẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ara gbọ́. Dókítà ọpọlọ Adéoyè Lambo ò tilẹ̀ lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Àrò ní 1954. Aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn oníṣègùn náà sì níṣẹ́ tiwọn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti V. S. Ramachandran, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1990. Wọ́n ti gé ọwọ́ ẹnì kan, síbẹ̀ ọwọ́ tí kò sí mọ́ yìí dì gírígírí, èékánná rẹ̀ ń gún àtẹ́lẹwọ́ tí kò sí. Ramachandran gbé jígí sínú àpótí, ó ní kó ti ọwọ́ tó kù bọ̀ ọ́, kó wo jígí bí ẹni pé ọwọ́ méjèèjì ló pé. Ó di ọwọ́, ó tú u. Àwọn kan rí i pé ọwọ́ tí kò sí náà tú, ìrora sì lọ. Jígí lásán o!

Ní Manchester, dókítà Peter Whorwell fi ọ̀rọ̀ mú àwọn tí inú ń yọ lẹ́nu wọ ipò bí ẹni ń tòògbé, ó sì gbé èsì ti ọgbọ̀n aláìsàn jáde ní 1984: ara wọn yá ju ti àwọn tí wọn ò ṣe é fún. Nínú irú ìtọ́jú yìí, wọ́n lè ní kí aláìsàn fojú inú wo ìfun rẹ̀ bí odò tó ń ṣàn jẹ́jẹ́. Ará Ìbàfò lè mú odò Ògùn, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn o, kì í ṣe ti ìgbà tó ń wọlé onílé. Ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ yẹ inú náà wò, torí ọgbẹ́ inú kì í gbọ́ ti odò.

Ní 2013, Lorimer Moseley, onímọ̀ nípa ìrora, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fún àwọn kan nínú èèyàn 79 tí ìrora ò fi sílẹ̀ ní ìwé ìtàn àti àfiwé nípa ìrora, wọ́n fún àwọn yòókù ní ìwé ìmọ̀ràn. Àwọn tó ka àfiwé lóye ìrora wọn sí i, ìfòyà tó máa ń bá a rìn sì dín kù. Ìrora fúnra rẹ̀ ò tíì yí padà.