Ẹ̀yin Òbí, Ta Ni Ọmọ Yín Ń Bá Sọ̀rọ̀ ní Òru?

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kí ìwé kan láti ilé-ìwé ọmọ yín ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ rí, èyí tí ó ń pè yín kí ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ewu orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ gbà, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo fi í sí, mo sì gba ibi iṣẹ́ alẹ́ lọ. Mo rò pé iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ọdún kejì ni mo tó lọ. Àwa Yorùbá tí a jókòó nínú gbọ̀ngàn náà kò ju mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa pọ̀ lọ súà ní ilé-ìwé náà.

Kì í ṣe pé ó kàn wu àwọn olùkọ́ láti kọ́ wọn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan kí ẹ̀kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ àti ìlera, tí ààbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ apá kan rẹ̀, wà nínú iṣẹ́ ilé-ìwé girama. Òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 sì ti gbé ẹrù lé àwọn iléeṣẹ́ tí ó ni Instagram, TikTok àti irú wọn lórí pẹ̀lú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó ti ọmọ nínú yàrá rẹ̀ ní agogo kan òru.

Ohun tí ó mú mi ta gìrì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi àwòrán ìhòòhò gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ó pọ̀ nínú wa tí ó rò pé ọmọbìnrin nìkan ni à ń ṣọ́. Arẹwà ọmọbìnrin kan yóò kí ọmọ yín lórí Instagram tàbí Snapchat. Yóò yìn ín, yóò bá a ṣeré, yóò fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́, yóò sì ní kí òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Ọkùnrin ni, ó jókòó sí ibòmíràn pẹ̀lú àwòrán tí ó jí. Kété tí àwòrán ọmọ yín bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ohùn yóò yí padà: san owó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màmá rẹ, olùkọ́ rẹ àti gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ yóò rí i. Gbogbo rẹ̀ lè má gbà ju wákàtí kan lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ National Crime Agency kìlọ̀ fún àwọn ilé-ìwé ní Britain nípa ìwà yìí. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kó sí i jẹ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 sí 18, àti pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀daràn náà ń gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó dunni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọmọ ọdún 17 kan pa ara rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tọpinpin rẹ̀, Èkó ni ó já sí. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan láti ibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. (Ẹni tí ó bá máa ń fi ọ̀rọ̀ Yahoo ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi àríyá wa, kí ó rántí ọmọ náà.)

Ìmọ̀ràn tí ilé-ìwé ń fún àwọn ọmọ kò le: kí wọ́n má san owó, kí wọ́n má dá ẹni náà lóhùn mọ́, kí wọ́n dí i lọ́nà, kí wọ́n má pa àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ nítorí ẹ̀rí ni, kí wọ́n sì sọ fún àgbàlagbà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lè lo ètò Report Remove, tí Childline àti Internet Watch Foundation jọ ń ṣe, láti gbìyànjú kí àwòrán rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 0800 1111 ni nọ́ńbà Childline, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, Take It Down ni kí ẹ wá. Àwòrán náà kò ní í kúrò nínú fóònù ọmọ.

Nínú gbogbo ìmọ̀ràn yìí, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣòro jù nínú ilé wa. Àgbàlagbà wo ni ọmọ yóò sọ fún? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ó bá ṣe àṣìṣe kékeré, a ó ní, "N ó dá ọ padà sí Nàìjíríà!" A ń sọ ọ́ kí ó lè bẹ̀rù, ó sì ń bẹ̀rù lóòótọ́. Ọ̀daràn tí ó wà nínú fóònù kò mọ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí a ti gbìn sílẹ̀ ni ó ń kórè. Ọmọ tí ó gbà pé bàbá òun yóò pa òun yóò kọ́kọ́ wá owó náà ná.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, tí ó kan àwa fúnra wa. Àwòrán ọjọ́ ìbí tí a ń gbé sórí Facebook, pẹ̀lú orúkọ ní kíkún àti aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn ọmọ, ti sọ ilé-ìwé rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀. Mo ti yọ tèmi kúrò. Àǹtí mi ní Ìbàdàn kò tíì dárí jì mí.

Ní alẹ́ tí mo ti ìpàdé náà dé, mo pe ọmọ mi ọkùnrin. Mo sọ fún un pé bí ohunkóhun bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ó jí mi, ìbáà ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Dádì, ẹ kò ní í pariwo?"

Mo ní n kò ní í pariwo. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.