Ipò Àgbà àti Ayọ̀ Iṣẹ́ Láàrin Àwọn Nọ́ọ̀sì

Dókítà ni aláìsàn máa ń retí nígbà tí ó bá dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń wà láti òwúrọ̀ títí di òru. Nítorí náà, bí inú nọ́ọ̀sì bá dùn sí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí bí kò bá dùn, kì í ṣe ọ̀ràn tirẹ̀ nìkan. Ọ̀ràn ẹ̀mí gbogbo ìlú ni. Yàtọ̀ sí owó oṣù, ohun kan tí ó ń mú kí iṣẹ́ náà dùn tàbí kí ó korò ni bí àwọn olórí ti ń darí àwọn tí ó wà lábẹ́ wọn. Àṣà ilẹ̀ ẹni kò sì lè ṣàìhàn nínú èyí.

Láti òkè òkun ni ètò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní ti wá. Ní ọdún 1860 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ Florence Nightingale sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni Ìyáàfin Kofoworola Abeni Pratt ti kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di mátírọ́ọ̀nù, èyíinì ni olórí gbogbo nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní ètò òkè òkun, ìwé ẹ̀rí àti ipò ni a fi ń mọ aṣáájú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a tún máa ń wo ọjọ́ orí.

Àṣà yìí ní èrè púpọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa pe olórí wọn ní “Màmá”, wọn a sì máa retí ìwà ìyá lọ́dọ̀ rẹ̀: kí ó béèrè àlàáfíà ọmọ wọn, kí ó yà síbi ìkómọ wọn, kí ó sì parí ìjà láìṣe ojúsàájú. Olórí tí ó mọ ìwé ṣùgbọ́n tí kì í dáhùn ìkíni, òǹrorò ni wọn yóò kà á sí.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí nọ́ọ̀sì tó fún ènìyàn lóògùn, ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé aláìsàn náà gan-an ni, pé oògùn náà gan-an ni, pé ìwọ̀n rẹ̀ pé, pé ọ̀nà tí a óò gbà fún un tọ́, àti pé àkókò rẹ̀ tó. Bí àgbà bá ṣi ọ̀kan nínú márààrún yìí ṣe, tí ọmọdé rí i tí ó sì dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀. Àwọn baba wa kò kọ́ni ní irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọmọdé lè sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ jẹ́ kí a jọ tún ìwé yìí wò.” Ọ̀wọ̀ kò bàjẹ́, a sì gba ẹ̀mí là. Olórí tí ó bá dúpẹ́ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọ ipò rẹ̀ nù.

Ohun tí ń mú nọ́ọ̀sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: kí a pín iṣẹ́ òru láìṣe ojúsàájú, kí a bá a wí ní ìkọ̀kọ̀, kí a sì yìn ín ní gbangba. Yinniyinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Níbi tí èyí kò bá sí, tí owó oṣù kò sì tó, ọ̀pọ̀ a máa wá ọ̀nà lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ṣe òfin pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 kí ìgbìmọ̀ náà tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Òfin lè dá ẹsẹ̀ dúró. Kò lè mú inú dùn.

Ará ìlú náà ní ipa tiwọn. Kí wọn má ṣe bú nọ́ọ̀sì nítorí pé ó kéré lọ́jọ́ orí. Bí ó bá ṣe dáadáa, kí wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú olórí rẹ̀. Bí ó bá ṣe àìdáa, kí wọn fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ fún olórí náà, kí àtúnṣe lè wà.