Ìdí tí a fi ń dán Ike wò kí a tó fi í sí Ara Ajá

Bí oríkèé itan ajá bá bàjẹ́ tí ó sì ń tiro, àwọn oníṣègùn ẹranko lè gé orí egungun itan náà kúrò, kí wọ́n fi orí irin rọ́bótó rọ́pò rẹ̀. Wọn a sì fi ago kékeré tí a fi ike líle ṣe sínú ihò ìbàdí, kí irin náà lè máa yí nínú rẹ̀. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ike náà yóò tọ́jọ́?

Lára ènìyàn ni a ti kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1958, John Charnley, oníṣègùn egungun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí fi ago Teflon sí ìbàdí àwọn aláìsàn. Teflon ń yọ̀ dáradára, inú àwọn aláìsàn sì dùn. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún díẹ̀, ago náà gbó. Ó ń yọ lẹ́búlẹ́bú, lẹ́búlẹ́bú náà sì ń ba ara jẹ́. Ní 1962, Harry Craven, òṣìṣẹ́ Charnley, gbé irú ike mìíràn, polyethylene, sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síbẹ̀ ike náà kò gbó tó bí Teflon ti ń gbó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Irú ike yìí ni a ń lò fún ènìyàn àti fún ajá títí di òní.

Ohun méjì ni ẹ̀rọ ń wádìí. Èkínní ni agbára. Bí ajá tí ó tẹ̀wọ̀n kílò 30 bá dúró jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ń gbé nǹkan bí kílò 18, ti ẹ̀yìn sì ń gbé 12. Bí ó bá ń sáré, ẹrù orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan a pọ̀ sí i gidigidi. Nítorí náà, a ń fi ẹrù wúwo lé ago ike. Ike pẹlẹbẹ tí a fi ń so egungun tí ó kán pọ̀ ńkọ́? A ń tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, a sì ń lọ́ ọ bí aṣọ tí a ń fún.

Èkejì ni ìfaradà. Ẹni tí ó bá ti ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn mọ̀ pé kì í kán lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí ẹ̀rọ bá ń gbé ẹrù lé ike lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò ṣe é ní ìgbà 1,000,000 láàrin nǹkan bí wákàtí 56. Kò gbọdọ̀ yára jù, nítorí ike a máa gbóná, a sì rọ̀. A tún lè rì í sínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ara, nítorí ike mìíràn wà tí omi ń sọ di aláìlágbára.

Ajá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé ìbàdí ń ro òun. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ jẹ ìyà náà, kí ajá má baà jẹ ẹ́.