Ogójì Ọjọ́ Abiyamọ

"Ẹ kú ewu ọmọ!" Kí Yorùbá tó bi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ léèrè bóyá akọ ni tàbí abo, ìkíni tó máa ń kọ́kọ́ wá nìyẹn. Ẹni tí wọ́n kí á dáhùn pé ewu iná kì í pa àwòdì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí London tàbí Houston ló ti bi òbí wọn pé: ayọ̀ ló wọlé, kí ni ewu wá ń ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn ni, nítorí inú ewu yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ohun tí ìyá àgbà ń dì sínú àpótí wá láti Ìbàdàn ti ṣẹ̀: ọ̀já, òrí, ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn, èlùbọ́, pẹ̀lú òfin pé ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ tíì jáde.

Lójú Yorùbá, obìnrin tó ń rọbí wà láàárín ikú àti ìyè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ẹni tí inú bí, tí ẹ̀bẹ̀ náà sì máa ń wọ̀ ọ́ lára. Lórí ìkúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ńlá wa ti bímọ. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kan jáde pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin tó ń rọbí wà ní ipò tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀ nìkan. Àjọ yìí kan náà ṣírò pé ní 2020, obìnrin bíi 287,000 ló kú lágbàáyé nítorí oyún àti ìbímọ, àti pé bíi 82,000 nínú wọn ló kú ní Nàìjíríà. Wíwọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ òyìnbó kò sì pa ewu náà rẹ́. Ìròyìn MBRRACE-UK, ètò tó ń ṣèwádìí ikú abiyamọ ní Britain, tó jáde ní 2018 fi hàn pé ikú tó ń pa obìnrin aláwọ̀ dúdú nígbà oyún àti lẹ́yìn ìbí ní Britain tó ìlọ́po márùn-ún ti obìnrin aláwọ̀ funfun. Àlàfo náà ti dín kù láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò tíì dí.

Ewu kì í tán lọ́jọ́ tí ọmọ bá ké. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya, ibà lè wọlé, ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé nígbà tí gbogbo ará ilé ti rò pé ó ti parí. Nítorí èyí ni WHO fi ń ka ikú abiyamọ mọ́ ikú ìbímọ títí di ọjọ́ 42 lẹ́yìn tí oyún bá kúrò lára rẹ̀. Ogójì ọjọ́ ni àwọn àgbà wa ń sọ. Mùsùlùmí mọ ìgbà náà sí nífáàsì, tí obìnrin kì í kírun, tí kì í gbààwẹ̀, tó sì lè gùn tó ogójì ọjọ́. Onígbàgbọ́ tó bá ṣí Léfítíkù orí kejìlá á bá ọjọ́ méje níbẹ̀ àti ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lé e lórí fún ìyá ọmọkùnrin. Ẹ rò ó pọ̀, ogójì géérégé ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní òkè òkun kò mọ̀ ni pé ìyá gan-an ni àṣà yìí ń ṣọ́. Ọmọ ni gbogbo ojú ń wò, ọmọ ni wọ́n ń gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọmọ ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ìyá àgbà wá ṣe: ó gba ọmọ kí ìyá lè sùn, ó dáná kí ìyá lè jẹun, ó fọ aṣọ kí ìyá má baà fọwọ́ kan omi tútù. Ní abúlé àtijọ́, ogójì ọjọ́ yìí ló ń yọ obìnrin kúrò lóko, lódò àti lọ́jà, tí ọkọ náà sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ẹni tó bá pe èyí ní àhámọ́ kò tíì rí ìdí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1993 fún abiyamọ láyè ọ̀sẹ̀ méjìlá, láìsí owó oṣù, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó àádọ́ta òṣìṣẹ́ kò sí lábẹ́ òfin náà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ogójì ọjọ́ kò tíì pé. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ìyá ńlá wa ṣojú àánú sí abiyamọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ náà ní ìdí tirẹ̀. Ẹ̀kọ mímu gbígbóná, àmàlà, ewédú, ọbẹ̀ ẹja tó ta dáadáa: àwọn àgbà ní wọ́n ń mú kí omi ọyàn sun. Yálà ata náà ló ń ṣe é o, tàbí omi tó pọ̀ nínú ẹ̀kọ, tàbí pé ẹlòmíràn ló gbé e síwájú ẹni, abiyamọ tó yó tó sì sinmi á rí ọyàn fún ọmọ ju èyí tó fi búrẹ́dì gbígbẹ pa ebi lọ.

Ìwẹ̀ ọmọ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Màmá á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e, á fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Á fi òrí para fún un, á rọra fa apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ pọ́n orí rẹ̀ kó lè rí rọ́bótó. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan á sọ ọmọ sókè tí wọ́n á tún hán an, kí ẹ̀rù má baà máa bà á láyé. Ìyá tuntun, tí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún, á pariwo. Àwọn méjèèjì ló ní ibi tí wọ́n ti jàre. Òrí àti ọwọ́ tó ń ra ara ọmọ dára. Wọ́n ń mú kí ara rọ̀, kí oorun sì wọra. Sísọ sókè ni kí a fi sílẹ̀, nítorí ọrùn ọmọ jòjòló kò tíì le. Fífi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá, tí àwọn àgbà tún máa ń ṣe, kò yẹ ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀já ní tirẹ̀ kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn: àwọn oníṣègùn egungun ti ṣàkíyèsí pé níbi tí wọ́n ti ń pọn ọmọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ya gba ẹ̀gbẹ́ ìyá méjèèjì, egungun ìbàdí kì í sábà yẹ̀ lára ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó yẹ kí gbogbo ọkọ mọ̀: àbísínwín, wèrè tó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbí. Èdè kì í ní orúkọ fún ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò rí rí. Àwọn àgbà mọ̀ pé orí abiyamọ lè dàrú, wọn kì í sì í fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Wọ́n máa ń sọ pé kí ayé má baà ṣe é ni; ẹnu ọ̀nà ìgbàgbọ́ ni wọ́n gbà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ní Britain lónìí, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ilé wò lè gbé ìwé ìbéèrè mẹ́wàá nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbí, tí wọ́n ṣe ní Edinburgh, tó jáde ní 1987, síwájú ìyá ọmọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ló ń dáhùn pé dáadáa ni gbogbo nǹkan wà, nítorí wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí Ọlọ́run fún lọ́mọ kò gbọdọ̀ sunkún. Kí ó sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹkún kò túmọ̀ sí àìmoore.

Ìgbàgbọ́ náà máa ń dá kún ẹrù yìí. Nínú ìjọ wa, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oyún bá ti hàn, àdúrà tó wọ́pọ̀ ni pé kí obìnrin bí bí obìnrin Hébérù, ìyẹn láti inú Ẹ́kísódù 1:19, níbi tí àwọn agbẹ̀bí ti sọ fún Fáráò pé àwọn obìnrin náà ti máa ń bí kí agbẹ̀bí tó dé. Àdúrà tó dára ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ara ọmọ rẹ̀ dá ṣáṣá ní igbáàyà rẹ̀, tí á máa bi ara rẹ̀ pé àdúrà òun ni kò gbà àbí ìgbàgbọ́ òun ni kò tó. Ẹ jẹ́ ká rántí ìkíni wa: ẹ kú ewu ni a sọ, a kò bèèrè ọ̀nà tí ọmọ gbà jáde.

Ọjọ́ kẹjọ dé. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí ọjọ́ kẹjọ ló gbajúmọ̀ fún gbogbo wọn. Mùsùlùmí á pa àgbò, méjì fún ọmọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, wọ́n á fá orí ọmọ, wọ́n á sì ṣe sàráà. Ìjọ á ka Bíbélì, á kọrin. Síbẹ̀, lórí tábìlì àlùfáà pàápàá, ẹ ó rí oyin, iyọ̀, omi, ìrèké, nígbà mìíràn orógbó, obì àti ataare. Ọmọ tó bá bèèrè ìdí, ẹ sọ fún un pé àdúrà ni wọ́n, àdúrà tí ahọ́n ń tọ́ wò. Orógbó wà níbẹ̀ kí ọmọ lè gbó kó tọ́, obì kó lè bi ikú dànù, ataare nítorí pé ọmọ inú rẹ̀ kò lóǹkà, omi nítorí pé kò sẹ́ni tó lè bá omi ṣọ̀tá. Ẹ fi han ọmọ nìkan, kí ìyá fi ètè tirẹ̀ tọ́ ọ wò. Oyin ní pàtàkì kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí kòkòrò kan tó lè wà nínú rẹ̀ máa ń rọ ọmọdé lápá rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni abọ́ omi á yí káàkiri. Ìyá ọkọ ju owó sí i, ó sọ orúkọ. Bàbá ìyàwó ju owó sí i, ó sọ tirẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò, gbogbo wọn ló ní ti ẹnu wọn. Ọmọ lè gba orúkọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan. Bí ó bá dojú délẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, Àjàyí ti jẹ́ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yanu. Bí ẹsẹ̀ ló fi jáde, Ìgè ni. Ibí ni ètò ìjọba ti ń figagbága pẹ̀lú tiwa. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn sábà máa ń fẹ́ orúkọ kí ìyá tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní England, òbí ní ọjọ́ 42 láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, ọjọ́ kẹjọ sì ti kọjá tipẹ́ kí iye yẹn tó pé. Ẹ ní sùúrù bí àyè bá wà. Àmì ohùn kì í sì í sábà wọ inú ìwé ìrìnnà wọn, tí Òjó fi lè di òjò, tó tún lè di ojo, fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹ kọ orúkọ ọmọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú Bíbélì tàbí Kùránì ilé, kí ó lè rí i nígbà tó bá dàgbà.

Ó ku ohun tó le jù láti bá àgbà sọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì ní kí a má tíì fún un lómi."

"Omi ni mo fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ló kú nínú yín?"

Òótọ́ ni Màmá sọ nípa àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n omi àti àgbo ń gba àyè ọyàn nínú ikùn tí kò ju ẹyin lọ, wọ́n sì ń gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Ọyàn nìkan ni WHO ní kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ọmọ 29 nínú 100 péré ló ń rí bẹ́ẹ̀ gbà nílé. Èyí tó tún burú ju omi lọ ni káńfọ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ ọmọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú ni a bí láìní èròjà G6PD tó pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Òórùn káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, kí ojú wọn pọ́n rúsúrúsú, kí ó sì kọlu ọpọlọ. Bí ẹ bá ṣí àpótí Màmá tí ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ fọ gbogbo aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn, kó tó kan ara ọmọ. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé ìdí fún un. Àgbà tó bá gbọ́ ìdí máa ń gbà, nítorí òun náà, ìdí ló fi ń ṣe gbogbo èyí tó ń ṣe.

Àwọn kan kò ní ẹni tó máa wá. Ìyá wọn ti kú, tàbí wọn kò fún un ní físà. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá ní London, àwọn obìnrin máa ń pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn: ẹni kan gbé ọbẹ̀ wá ní Ajé, ẹlòmíràn wá gbé ọmọ dání ní Ọjọ́rú fún wákàtí méjì. Àwọn ẹgbẹ́ àsáláátù ti Mùsùlùmí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá abiyamọ dúró kó má mú aṣọ ọmọ tuntun wá. Kó wá fọ abọ́.

Fún ẹni tí Màmá rí wá, físà àbẹ̀wò Britain kì í sábà ju oṣù mẹ́fà lọ. Lọ́jọ́ tó bá ń padà, á gbé ọmọ náà sẹ́yìn fún ìgbà ìkẹyìn, á so ọ̀já, á rìn ká pálọ̀ kékeré náà, á máa kì í pé Àdùkẹ́, Àdùkẹ́, títí tí oorun á fi gbé e lọ. Lẹ́yìn náà á tú ọ̀já, á ká a, á fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.