Bí Agbára Ṣe Di ti Ẹnìkan ní Ṣáínà

Lọ́dún 221 ṣáájú ìbí Kristi, Ying Zheng, ọba Qin, ṣẹ́gun Qi, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ilẹ̀ ọba mẹ́fà tó ń bá a figagbága. Ó ní oyè ọba lásán ti kéré sí òun, ó sì fi ara rẹ̀ joyè huangdi, ìyẹn olú-ọba. Oyè náà kò kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ṣáínà títí di ọdún 1912. Ìdílé kan ń gbàjọba lọ́wọ́ òmíràn, àmọ́ ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé: ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni gbogbo àṣẹ ti ń wá. Báwo ni ẹnìkan ṣe ń di ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ mú? Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: ọmọ ogun, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìròyìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọmọ ogun. Wọ́n rí ère ẹkùn kékeré kan nítòsí ìlú Xi'an, idẹ ni wọ́n fi ṣe é láyé àwọn ọba Qin, kò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n là á sí méjì láti orí dé ìrù. Apá ọ̀tún ń bẹ lọ́wọ́ ọba, apá òsì ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀gágun ní ìlú Du. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni pé tí ọmọ ogun tó fẹ́ jáde bá ti tó àádọ́ta, àfi kí apá méjèèjì kọ́kọ́ bára mu. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀gágun lè gbéra láì dúró de ọba ni ìgbà tí wọ́n bá tan iná ìkìlọ̀ pé ọ̀tá ti dé. Ọ̀gágun ló ń bọ́ àwọn ọmọ ogun, òun ló ń kọ́ wọn níjà, àmọ́ ọba ló ni wọ́n.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ọba a máa pín ilẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀, àwọn náà á sì fi jogún fún ọmọ. Kò ní pẹ́ títí tí àwọn àrọ́mọdọ́mọ yìí á fi máa gbógun ti ara wọn, tí wọn kò sì ní ka ọba sí mọ́. Li Si, olùdámọ̀ràn Ying Zheng, ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ìpínlẹ̀ 36, wọ́n sì yan ènìyàn mẹ́ta sí ìkọ̀ọ̀kan: gómìnà, olórí ọmọ ogun àti alábòójútó tó ń ṣọ́ àwọn méjì tó kù. Olú-ọba ló ń yàn wọ́n, òun náà ló ń yọ wọ́n, kò sì sí èyí tó lè fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ.

Àwọn ìdílé tó jọba lẹ́yìn Qin fi ìdánwò kún un. Lọ́dún 973, olú-ọba Taizu ti ìdílé Song bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó fúnra rẹ̀ níbi ìdánwò àṣekágbá, kí ẹni tó bá yege má baà rí olùdánwò kankan bí ọ̀gá rẹ̀ bí kò ṣe olú-ọba. Láyé àwọn ìdílé Ming àti Qing, ẹnikẹ́ni kì í ṣàkóso ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i, kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ má baà di agbára fún un.

Ìròyìn ló kù, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Títí di ọdún 1380, olóòtú ìjọba máa ń wà láàárín olú-ọba àti àwọn mínísítà. Lọ́dún náà, Zhu Yuanzhang, ọmọ tálákà tó dá ìjọba Ming sílẹ̀, fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Hu Weiyong tó jẹ́ olóòtú ìjọba rẹ̀, ó pa á, ó sì fòpin sí ipò náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló bá ẹ̀sùn náà lọ láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ olú-ọba ni gbogbo ìwé ń bọ̀ tààrà. Lọ́dún 1384, láàárín ọjọ́ mẹ́jọ péré, ìwé 1,660 tó dá lórí ọ̀ràn 3,391 dé iwájú rẹ̀.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Zhu Yuanzhang forí tì í, àmọ́ àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ kò lè ṣe é. Wanli, tó jọba láti 1572 sí 1620, kọ̀ láti rí àwọn mínísítà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ipò tó ṣófo sì pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. Àwọn ìwẹ̀fà ààfin ló wá ń fi tàdáwà pupa kọ èsì sórí ìwé lórúkọ olú-ọba. Láàárín ọdún 1620 sí 1627, ọ̀kan nínú wọn, Wei Zhongxian, di ẹni tí àwọn gómìnà ń kọ́ ojúbọ fún nígbà tó ṣì wà láàyè. Zhu Yuanzhang pa olóòtú ìjọba rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bá òun pín agbára, àmọ́ ẹni tó ń ṣọ́lẹ̀kùn ló kó agbára náà lọ.

Ìdílé Qing, tó jọba lẹ́yìn Ming, gbìyànjú láti dí ihò yẹn. Yongzheng, tó gorí ìtẹ́ ní 1722, fún àwọn òṣìṣẹ́ ńlá ní àpótí tó ní àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé, èkejì lọ́wọ́ olú-ọba. Gómìnà kò mọ ohun tí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀, torí náà olúkúlùkù ń ṣọ́ra. Yongzheng fúnra rẹ̀ ló ń fi tàdáwà pupa dáhùn, lálaalẹ́. Ó ṣiṣẹ́, torí pé òun kì í sùn lórí iṣẹ́. Kò sí ohun tó ní kí ẹni tó máa jọba tẹ̀ lé e rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé kò sí ẹni tó lè dá olú-ọba lẹ́kun ni? Ẹ̀kọ́ Mengzi, amòye ayé àtijọ́, ní ọba tó ni ará ìlú lára pàdánù àṣẹ Ọ̀run. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Zhu Yuanzhang, ó sì ní kí wọ́n yọ apá mélòó kan kúrò nínú ìwé Mengzi. Lọ́dún 1566, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Hai Rui, kọ̀wé sí olú-ọba Jiajing pé ó ti pa ìjọba tì, oògùn àìkú ló ń wá kiri. Wọ́n ní ó ti ra pósí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fi ìwé náà ránṣẹ́. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ikú olú-ọba lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló yọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ kò lẹ́bi, ọkàn rẹ̀ sì gbóyà, àmọ́ kò sí òfin kankan tó dáàbò bò ó.

Ní oṣù Kejì ọdún 1912, wọ́n kéde pé Puyi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ìtẹ́ lọ, àṣà àkóso ẹnìkan kò lọ: Ààrẹ Yuan Shikai fi ara rẹ̀ joyè olú-ọba ní ìparí ọdún 1915, kò sì tó oṣù mẹ́rin tó fi já a sílẹ̀. Ní 2018, ilé aṣòfin Ṣáínà yọ gbèdéke sáà méjì tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ààrẹ. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi tọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ irú ìjọba tí òun wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe bí olórí ṣe lágbára tó la ó kọ́kọ́ wò. Ẹ wo ẹni tó lè sọ fún un pé ó ṣìnà, kí ẹ sì wo bóyá òfin ló ń dáàbò bo onítọ̀hún, tàbí orí rẹ̀ nìkan.